Okùn Ọjọ́bọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ajángbádì máa ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò gbá mú. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ gbà wá nímọ̀ràn." Bí mo bá sọ fún wọn pé aṣọ ni mo fọ̀ títí mo fi darúgbó, òmíràn á rẹ́rìn-ín, á ní ṣé ìyẹn náà ni nǹkan tí èèyàn ń lọ kọ́ ni. N kì í bínú. Ẹni tí kò bá tíì fọ aṣọ funfun fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun nígbà òjò ní Ìyànà Ìbà, kò lè mọ̀ pé ọṣẹ àti omi ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Bí èèyàn ṣe ń to ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló le. Alágbàfọ̀ tí kò bá mọ ọ̀sẹ̀ tò, ìbáà fọ aṣọ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó, òpùrọ́ ni àwọn oníbàárà yóò máa pè é.

Ìṣẹ́yìn ni mo ti wá. Àǹtí mi tó ń gbé ní Okokomáíkò ló ní kí n wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ aránṣọ tó ní lọ́kàn ti kún, ló bá fà mí lé Bàbá Ṣóyẹmí lọ́wọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, inú bárékè ni wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lọ aṣọ fún àwọn ọ̀gá sójà. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn ní sísọ. Wọ́n ju tówẹ̀lì tútù kan sí mi, wọ́n ní kí n fún un. Mo fún un. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ kejì.

Fún ìgbà pípẹ́, aṣọ fífún nìkan ni iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sídìí búlúù tó ń mú aṣọ funfun dán, mo bọ́ sídìí sítáàṣì, kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù elédùú. Ọ̀gá mi kì í na ọmọ iṣẹ́, wọn kì í sì í pariwo. Ohun tí wọ́n ń ṣe burú ju ẹgba lọ. Bí o bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kọ́là rẹ̀ kò tẹ́, wọ́n á gbé e wò, wọ́n á mi orí, wọ́n á rì í padà sínú báàfù omi níṣojú rẹ. O tún di ẹni tó ń fún, tó ń sá, tó ń lọ. Mo sunkún lórí kọ́là kan ṣoṣo rí, ọ̀gá mi ní kí n má jẹ́ kí omijé kán sí i, pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjókòó ọjọ́ Ajé ni ilé ìwé gan-an. Kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wa á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo aṣọ tó ti wọlé á sì wà lórí ẹní níwájú wa. Okùn márùn-ún ló gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá láti ògiri dé ògiri, láti ti Ìṣẹ́gun títí dé ti Àbámẹ́ta. Èyí kì í ṣe okùn tí a fi ń sá aṣọ o, ìyẹn wà níta. Okùn ọjọ́ nìyí. Aṣọ tí a bá fẹ́ parí lọ́jọ́ kan, a ó dì í ní ìdì, a ó so ó mọ́ okùn ọjọ́ náà. Ẹni tó bá wọlé, ojú rẹ̀ á rí gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá á mú aṣọ kan sókè, wọ́n á bi wá léèrè ohun mẹ́ta tí wọ́n máa ń bi wá nígbà gbogbo: "Ta ló ni ín? Ibo ló ń wọ̀ ọ́ lọ? Ìgbà wo?"

Bí o bá dáhùn pé, "Ọ̀gá, àárọ̀ àná ni wọ́n gbé e wá," wọ́n á wò ọ́ bí ẹni pé orí rẹ kò pé.

"Ṣé mo bi ọ́ ìgbà tó dé ni? Ibi tó ń lọ ni mo bi ọ́."

Ìdí èyí ni pé ẹni tó kọ́kọ́ gbé aṣọ wá lè máà nílò rẹ̀ títí dìgbà ọyẹ́, nígbà tí ẹni tó gbé tirẹ̀ wá kẹ́yìn lè ní ìdánwò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Jálámíà àwọn Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ ti jáde kí Jímọ̀ tó mọ́. Sùtánà ìjọ gbọ́dọ̀ jáde ní Àbámẹ́ta. Ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà lè fara da ìdádúró díẹ̀, ṣùgbọ́n tíṣà náà kò lè fara dà á, ẹ mọ bí wọ́n ṣe rí. Ìdì tó bá ṣẹ́kù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá á bèèrè ohun tó dá a dúró, wọ́n á sì fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀ gan-an. Bí o bá ní, "Iṣẹ́ pọ̀ ni," wọ́n á ní, "Iṣẹ́ a máa pọ̀. Èwo nínú rẹ̀?"

Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, nítorí náà ìyàwó ọ̀gá á pè mí sẹ́yìn kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjọ náà kò fẹ́ kí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù fọwọ́ kan sùtánà wọn. Bó bá ti jẹ́ ọ̀sẹ̀ mi, ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ni wọ́n á so fún mi. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí gan-an. Nígbà tó yá, mo rí i pé sùtánà ló ń pa èèyàn lápá jù, mo wá ń retí ọ̀sẹ̀ náà bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń retí ọlidé.

Okùn kan wà tí a kì í so nǹkankan mọ́. Okùn Ọjọ́bọ̀ ni. Iṣẹ́ ìbáà pọ̀ débi tí a ó fi so ìdì mọ́ ìdì lórí okùn Ọjọ́rú, òfìfo ni ọ̀gá mi máa ń fi ti Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀. Ojú àwọn oníbàárà kì í kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá onílé kan láti Ìbà, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ̀ fún òun, gbé agbádá wá, ọ̀gá mi ní ọ̀sẹ̀ ti kún. Bàbá náà na ọ̀pá sókè.

"Ṣóyẹmí, okùn yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń gbààwẹ̀ ni?"

"Ó ti ní oníbàárà, Bàbá."

"Ta ni?"

"Òjò ni, sà."

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi agbádá sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Èmi náà gbà pé òótọ́ ni, torí bí òjò bá ba Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú jẹ́, Ọjọ́bọ̀ la fi ń rà wọ́n padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, tí aṣọ ń gbẹ kí a tó yíjú padà, tí okùn Ọjọ́bọ̀ sì tún wà lófìfo, mo bèèrè.

"Ọ̀gá, òjò wo ló tún kù báyìí?"

Wọn ò gbójú sókè lórí aṣọ tí wọ́n ń lọ̀. "Ṣé òjò nìkan ló ń rọ̀ ni?"

N kò mọ òjò tó ti pa wọ́n kí wọ́n tó kọ́ ọgbọ́n yẹn. Wọn ò sọ fún mi títí wọ́n fi kú.

Ẹ̀gbọ́n wa nínú iṣẹ́ ni Múfú. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ṣẹ́ parí kó gba ìdáǹdè, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo wa lọ. Ọ̀sẹ̀ ìkórè ìjọ kan ní Okokomáíkò ni ẹ̀gbọ́n ọ̀gá kú, wọ́n bá lọ sí Abẹ́òkúta. Múfú ló darí ìjókòó Ajé. Okùn mẹ́rin ti kún nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ náà wọlé pẹ̀lú gbogbo aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. Ìyá Fèyí, olórí akọrin wọn, wà láàárín wọn. Ní Àìkú yẹn ni wọ́n fẹ́ fi òróró yàn án. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú ló ti ń retí ọjọ́ náà. Ó ti ń wo àwọn tó bá a wọ ìjọ bí wọ́n ṣe ń gòkè, báyìí ó wá kàn án. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé sùtánà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Múfú wo okùn Ọjọ́bọ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá Múfú, ọ̀gá ò ní gbà o."

"Ọ̀gá wà ní Abẹ́òkúta. Ìwọ lo máa lé odidi ìjọ padà sílé wọn ni?"

"Tó bá wá rọ̀ ńkọ́?"

"Tó bá rọ̀, ó rọ̀. Kò tíì rọ̀, o ti ń mú agbòjò."

Ó so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn. Ní kùtùkùtù Ọjọ́rú, òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Iṣẹ́ Ọjọ́rú wọ inú Ọjọ́bọ̀, ti Ọjọ́bọ̀, ìyẹn sùtánà akọrin, wọ inú Ẹtì, Ẹtì fúnra rẹ̀ sì ti kún tẹ́lẹ̀. Ohun gbogbo tútù, kò sí ibi tí a ó sá a sí. Múfú kó èédú sínú ìkòkò, ó dáná sí i láàárín ṣọ́ọ̀bù, a sì na sùtánà yí i ká. Èéfín mú aṣọ. Èyí tí èéfín kò mú, ebu hù sí i ní kékeré kékeré, dúdú dúdú, irú èyí tí ọṣẹ kankan kì í mú kúrò lára aṣọ funfun.

Àwọn obìnrin náà dé ní Àbámẹ́ta. Ìyá Fèyí gbé tirẹ̀ wò, ó gbé e símú. Ó kàn jókòó lórí àkàsọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa nínú ẹrẹ̀, ó gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Wọn kì í fi òróró yan ẹnikẹ́ni nínú aṣọ tó ní àbàwọ́n. Ó kọjá rẹ̀ lọ́dún yẹn. Títí di òní, bí mo bá rántí bó ṣe jókòó síbẹ̀, inú mi máa ń bàjẹ́.

Ọ̀gá dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Àìkú, wọ́n rìn láìwọ bàtà lọ sí ẹnu ọ̀nà ìjọ náà, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Fèyí níṣojú gbogbo èèyàn. Wọn ò dárúkọ Múfú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ìyá, ṣọ́ọ̀bù mi ni, èmi ni mo bà á jẹ́." Ìyá Fèyí kọjá lára wọn wọlé lọ.

Ìjọ náà kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ wa. Àwọn ìjọ yòókù gbọ́, wọ́n kó tiwọn náà. Ní ìjókòó Ajé tó tẹ̀ lé e, ìdì díẹ̀ ló wà lórí ẹní. Ọ̀gá wo òkè.

"Ẹ wá wò ó bí gbogbo okùn ṣe dà bí ti Ọjọ́bọ̀ lónìí."

Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwa yòókù ń ro bóyá ṣọ́ọ̀bù á wà títí a ó fi gba ìdáǹdè. Ọ̀gá kò lé Múfú. Wọ́n ra aṣọ funfun, wọ́n ní kí wọ́n rán sùtánà tuntun fún Ìyá Fèyí, wọ́n sì ní kí Múfú máa lọ gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó dá a padà. Ìyá náà kì í jáde sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń na aṣọ sí i lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí ìkórè mìíràn fi dé. Ní Ajé ọ̀sẹ̀ ìkórè náà, ìyá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé sùtánà wá, a ṣì wà lórí ìjókòó. Ọ̀gá gba aṣọ náà.

"Ta ló ni ín?"

Múfú ní, "Ìyá Fèyí ni."

"Ibo ló ń wọ̀ ọ́ lọ?"

Kí Múfú tó dáhùn, ìyá náà ní, "Mò ń lọ gba òróró mi ni. Lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so mí mọ́ Ọjọ́bọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Okùn Ìṣẹ́gun la so ó mọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti gbẹ, a ti lọ̀ ọ́. Wọ́n fi òróró yàn án. Àwọn ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ ìdáǹdè mi, ọ̀gá gbàdúrà fún mi, wọ́n fún mi ní áyọ́ọ̀nù elédùú kan, wọ́n wá gun àpótí, wọ́n tú okùn Ọjọ́bọ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n ká a lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn á ra òmíràn. Okùn náà ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ajángbádì, òun ni mo kọ́kọ́ so kí n tó so ìyókù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè nípa iṣẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: irinṣẹ́ yóò yí padà lọ́wọ́ yín, bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀. Mo fi áyọ́ọ̀nù elédùú sílẹ̀, mo bọ́ sórí ti iná. Iná kò dúró, mo bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí apá ń dùn mí, mo lọ sí Alábà lọ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọmọkùnrin Ígbò tó tà á fún mi ń tọ́ka sí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Mama, carry this one join. E dey dry cloth. Òjò ò lè yọ yín lẹ́nu mọ́!" Mo ní òjò àti èmi ti mọwọ́ ara wa, kó jẹ́ kí n lọ. Ojú mi ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ níkẹyìn. Nǹkan funfun kan ń bo ẹyinjú mi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oníbàárà kan dá aṣọ padà fún mi pé àbàwọ́n ọbẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀, tí mo gbé e wò tí n kò rí nǹkankan, mo mọ̀ pé ó tó. Alágbàfọ̀ tí kò rí àbàwọ́n, kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ọmọ mi, Bùkọ́lá, ló gba ṣọ́ọ̀bù. Ó ti lọ yunifásítì, ó sì ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì díẹ̀ kó tó wá. Ó ra ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Gbogbo oníbàárà wà lórí fóònù rẹ̀, fóònù á dún bó bá ku ọ̀la tí aṣọ yóò jáde. Mo fẹ́ràn ìyẹn, n kò ní purọ́. Ìjókòó Ajé náà kò kú lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn fún un lórúkọ òyìnbó.

"Wíkìlì rìfíù la ń ṣe, Mọ́mì. Gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe é."

"Àwọn náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Ṣóyẹmí ni?"

Orí okùn Ọjọ́bọ̀ ni a ti jà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Okokomáíkò fẹ́ máa kó bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, Bùkọ́lá sì fẹ́ fi Ọjọ́bọ̀ gbà á.

"Mọ́mì, maṣíìnì ló ń gbẹ aṣọ báyìí. Kí la tún fẹ́ fi ọjọ́ òjò ṣe?"

"Ṣé òjò nìkan ló ń rọ̀ ni?"

"Ẹ sọ nǹkan mìíràn tó ń rọ̀, mo ń gbọ́."

Ọ̀gá mi ló ni ọ̀rọ̀ náà, mo kàn yá a lò ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ti di tirẹ̀, kó ṣe bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Ó so ṣíìtì hòtẹ́ẹ̀lì mọ́ okùn ọ̀gá mi. Ó dùn mí. Láti ìgbà náà, n kò lọ sí ìjókòó Ajé mọ́, mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ojú náà wá le sí i, dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Ọjọ́ tí ọsibítù fún mi, Ọjọ́bọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní bí n kò bá mú èèyàn mi kan dání tí yóò dúró tì mí, tí yóò sì mú mi délé, wọn kò ní fọwọ́ kàn mí, n ó sì tún lọ tò sẹ́yìn àwọn tó ń dúró. N kò sọ fún Bùkọ́lá. Mo mọ ohun tó wà lórí okùn rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo bẹ aládùúgbò mi kan, ó gbà. Nígbà tó ku ọ̀la, wọ́n pè é láti ilé pé ìyá rẹ̀ kò gbádùn, ó sì gbọ́dọ̀ lọ. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, mo ti wọṣọ tán, n kò mọ ẹni tí mo tún lè pè. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí n ṣe máa fọ́jú nìyẹn.

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Bùkọ́lá ni, ó gbé báàgì kọ́ apá.

"Ẹ jẹ́ ká tètè lọ, Mọ́mì, kí títì tó dí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Nọ́ńbà mi ni wọ́n kọ sí káàdì yín. Wọ́n ti pè mí tipẹ́. Mò ń dúró kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni."

"Ṣíìtì hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún máníjà wọn láti Mọ́ńdè pé mi ò ṣiṣẹ́ ní Tọ́sìdeè mọ́. Kó gbé e wá ní Túsìdeè, tàbí kó gbé e fún ẹlòmíì." Ó gbá mi lápá mú. "Ẹ dìde, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ó dúró tì mí títí wọ́n fi ṣe é tán, ó mú mi délé.

Nígbà tí wọ́n tú bàǹdéèjì, tí dókítà ní mo lè jáde, ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lórí bẹ́ǹṣì, Bùkọ́lá mú fóònù rẹ̀ dání, okùn mẹ́rin sì kún fún ìdì. Mo ń rí gbogbo rẹ̀ kedere. Lórí okùn Ọjọ́bọ̀, aṣọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìborùn mi àtijọ́ ni, èyí tí mo rò pé ó ti sọnù. Mo súnmọ́ ọn, mo sì rí àbàwọ́n búlúù kan létí rẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan tí n kò mọ̀. Mo nawọ́ láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n lọ fọ̀ ọ́.

Ọmọ iṣẹ́ kan dìde. "Màmá, ẹ má bínú, Àǹtí ní ẹnìkankan ò gbọdọ̀ sọ ìyẹn kalẹ̀."

Mo yíjú sí Bùkọ́lá.

"Ta ló ni ín?"

"Màmá mi ni."

"Ibo ló ń wọ̀ ọ́ lọ?"

"Ibi tó bá wù wọ́n."

"Ìgbà wo?"

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì.